Ta Ni Mò Ń Kí?

Nígbà tí ìjọba gbé èmi olùkọ́ láti Ìkàrẹ́ wá sí Omifunfun, mo ní n kò ní jìyà. Mo lọ sí Ọ̀rẹ̀, mo ra fóòmù tó nípọn, kọ́tìnì àti fáànù. Yàrá mi tutù, ó tura. Síbẹ̀, n kì í rí oorun sùn.

Lánàá, bí mo ti ti iléèwé dé, n kò mọ ìgbà tí mo ní, "Ẹ kú ilé o!" bí mo ṣe máa ń kí màámi ní Ìkàrẹ́. Inú bí mi. Ta ni mò ń kí? Ṣé fáànù ni?

Ìyá Princess, aládùúgbò mi tó ń sá kòkó lẹ́yìn fèrèsé, rò pé òun ni.

"Káàbọ̀, ọmọ mi!"

Kì í ṣe ohùn màámi. Mo bọ́ bàtà, mo sunkún, oorun sì gbé mi lọ.