Ọrùn Idẹ Elisha

Nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ Túnbọ̀sún Adélékan ti dì mú láti ìgbà tó ti wọ Dublin lọ́dún 2001, idẹ ló mọ̀ jù. Púlọ́ńbà ni. Grange Castle ló ti ń so páìpù omi, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé fún àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá. Idẹ ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń mú páìpù mọ́ra, bó bá sì ti fọwọ́ kan ọ̀kan báyìí, ó ti mọ̀ bóyá ojúlówó ni àbí ayédèrú.

Brass, ìyẹn idẹ, tó wà lẹ́nu àwọn ará Ireland ló kọ́kọ́ dà á láàmú. Lọ́jọ́ kan tí òtútù ń jẹ eegun, fọ́máànù ní, "It's brass monkeys out there," ìyẹn ni pé òtútù ti pọ̀ jù, ni Túnbọ̀sún bá ń wo òrùlé bóyá ọ̀bọ ló gun ibẹ̀. Wọ́n tún ní top brass ń bọ̀ láti Citywest. Ó ń retí ọkọ̀ ẹrù, àfi bí ọ̀gá mẹ́ta tó wọ súùtù ṣe sọ̀ kalẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yé e. Ọ̀kan ló kù tí kò tíì gbọ́, Elisha Adéyọmí, ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan, ló sì jẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Clonsilla gba ilé ìkẹ́rù kan tó ti di ahoro, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di gbọ̀ngàn. Sátidé mẹ́jọ gbáko ni Túnbọ̀sún fi ń fàyà wọ́ lábẹ́ ilẹ̀ pákó kí omi lè wọlé. Màmá Tọ̀yìbátù, ẹni àádọ́rin ọdún, fọwọ́ ara rẹ̀ kun ògiri. Elisha wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní òórùn ọ̀dà ń yọ òun lẹ́nu, ó jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ṣílé, Túnbọ̀sún àti ọmọ rẹ̀ Ṣeunfúnmi, tí wọ́n bí sí Dublin, ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Elisha wọlé. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé nǹkan kan bí ìkókó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kan èyí mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin lẹ ní dírìlì."

Pátákó tó ń dán yinrin ni. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé Olóyè Àgbà Dókítà Elisha Adéyọmí ló kọ́ gbọ̀ngàn yìí. Túnbọ̀sún tún un kà. Oyè ìlú wo? Dókítà ibo? Ọkùnrin tí kò lè pààrọ̀ gílóòbù!

"Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

"Ojúlówó idẹ ni, ẹ̀gbọ́n."

Túnbọ̀sún ò bá a jiyàn. Ó mú mágnẹ́ẹ̀tì kékeré jáde nínú àpò irinṣẹ́, ó gbé e sún mọ́ pátákó náà. Pá! Ó lẹ̀ mọ́ ọn.

"Mágnẹ́ẹ̀tì kì í fa idẹ, Elisha. Irin tí wọ́n fi ọ̀dà pa lójú ni."

Ẹlòmíràn ì bá wolẹ̀. Ẹ̀rín ni Elisha ń rín. "Ta ló máa mú mágnẹ́ẹ̀tì wá síbi ìṣílé?"

"Gbé irin ẹ. Mi ò ní í fi dírìlì mi kan irọ́ mọ́ ògiri."

Bí Elisha ṣe jáde ni Ṣeunfúnmi mi orí. "Some brass neck on that fella, Daddy."

"Ọrùn idẹ? Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"It means he's no shame. Like, none."

Túnbọ̀sún pòṣé. "Ẹ̀yin ará ibí kàn ń ba idẹ lórúkọ jẹ́ ni."

Lọ́sàn-án Sátidé ìṣílé, pátákó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Gúlùú ni Elisha fi lẹ̀ ẹ́, ó sì wọ́ sápá kan. Màmá Tọ̀yìbátù fi awò sójú, ó kà á tán, ó yínmú, ó wọlé. Elisha dìde nínú agbádá, ó ń ròyìn bí òun ṣe sùn tí òun ò sùn nítorí ilé náà. Ibẹ̀ ló wà tí ẹnì kan tó ń gbé kúlà ńlá kọjá nínú kíṣìnnì fi gbá ẹ̀rọ omi, ló bá já. Omi tú yàà.

"Túnbọ̀sún! Túnbọ̀sún dà?" Elisha ń pariwo.

Túnbọ̀sún gbé abọ́ ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. "Ṣé ìwọ lo kọ́lé? Lọ ti omi rẹ."

Elisha wojú àwọn èèyàn. Gbogbo wọn ń wò ó.

"Níbo ni wọ́n ti ń tì í, ẹ̀gbọ́n?"

"Nínú press, kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ síńkì. Ọwọ́ idẹ kan ló ń tì í. Yí i sọ́tùn-ún."

Tagbádá-tagbádá ni Olóyè Àgbà rá wọ abẹ́ síńkì. Òsì ló kọ́kọ́ yí i sí. Nígbà tó máa fi rí i tì, fìlà rẹ̀ ti ń léfòó. Màmá Tọ̀yìbátù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Túnbọ̀sún mú irinṣẹ́, ó tún ẹ̀rọ náà ṣe, ó padà sídìí ìrẹsì rẹ̀.

Ó rò pé ìtìjú á pa ọkùnrin náà mọ́lé fún oṣù kan. Lọ́jọ́ kejì, Elisha gbé fọ́tò ara rẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, níbi tó ti rẹ gbindin. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun nìkan ṣoṣo ló gba gbọ̀ngàn lọ́wọ́ ìkún omi, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń jẹun. Èèyàn mẹ́rìnlélógún ló ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Túnbọ̀sún kà á tán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì, ó pa á rẹ́. Ó pa fóònù, ó ní, "Ojúlówó idẹ ni ọrùn yẹn," ó sì ní kí Ṣeunfúnmi gbé tíì wá.