Kọ́ìn Olódídẹrẹ́

Ràhámọ̀tù ń fún omi kúrò lára ṣòkòtò iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ nígbà tí nǹkan roboto kan já bọ́ sínú báàfù. Ó mú un. Kọ́ìn fàdákà ni, ó ń dán gbinrin. Odídẹrẹ́ wà lójú kan rẹ̀, lẹ́tà òyìnbó sì yí i ká.

Ìwó tí wọ́n ń kì ní ilé odídẹrẹ́, ta ni yóò rí odídẹrẹ́ níbẹ̀ tí kò ní rántí ààfin? Káfíńtà sì ni Ṣàfíù ọmọ rẹ̀, ọjọ́ kẹfà rèé tó ti ń tún ilẹ̀kùn ṣe láàfin.

"Yéè! Ṣàfíù, kí lo fọwọ́ kàn yìí?"

"Àsàlámù àlékùm!"

Mùrí tó ń ṣiṣẹ́ láàfin ló ń wọlé bọ̀. Ràhámọ̀tù kò rí ibi tí yóò tọ́jú kọ́ìn náà sí, ló bá jù ú sẹ́nu.

Mùrí dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣàfíù ńkọ́?"

"Hùn-ùn."

"Ẹ̀kẹ́ yín wú! Ṣé eyín ni?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Itọ́ kún ẹnu rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á láti gbé e mì. Tí kọ́ìn bá bá a lọ ńkọ́? Ṣé wọn yóò jókòó ti òun ní ṣáláńgá títí ẹrù ọba yóò fi jáde ni?

Ṣàfíù wọlé láti ẹ̀yìnkùlé.

Mùrí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi tún ti fi kọ́ìn mìíràn ránṣẹ́ láti òkè òkun. Akika ló wà lára eléyìí. Ó ní àwọn ẹranko tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé ni wọ́n ń yà sára owó náà, kí wọ́n má baà di ìgbàgbé. O fẹ́ràn olódídẹrẹ́ tí mo fún ọ, ni mo ṣe mú èyí náà wá."

Ràhámọ̀tù tu kọ́ìn sí àtẹ́lẹwọ́, ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. "Ẹ wo àgbàyà! Díẹ̀ ló kù kí n fi ìfun ṣe báńkì!"

Mùrí náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Ṣàfíù ò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ fi fi í pamọ́ fún Mùrí?"

Ràhámọ̀tù lè purọ́. Ó lè ní òun ń fi eyín gé e wò bóyá fàdákà ni.

"Mo rò pé o jí i ni."

Ṣàfíù ní, "Nígbà tí ọ̀gá mi n'Ílé-Ogbó ní mo jí ayùn òun, gbogbo ilé yìí ló gbà á gbọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní kì í ṣe èmi."

Ẹ̀rù tó ba Ràhámọ̀tù wàyí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, Ṣàfíù. Dárí jì mí."

"Mo ti gbọ́, Ìyá mi." Ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.

Ràhámọ̀tù fa àpótí sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó ń retí ìgbà tí yóò wo ojú òun.