Ọkọ Ìyá Àgbà

Ọwọ́ ọ̀tún ni ọlọ́pàá fi ìdí ìbọn ṣẹ́ fún ọmọ ọmọ ìyá àgbà, ọwọ́ tó fi ń gé aṣọ, nítorí pé ó béèrè ohun tí òun ṣe tí wọ́n fi ń ti òun sínú ọkọ̀. Télọ̀ ni ọmọ náà. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ bí òkú. Ìyá àgbà ní òun ò ní í gbà. Ó di àgọ́ ọlọ́pàá.

Kọ̀ńsítébù tó wà nídìí tábìlì kò gbójú sókè.

"Ta ni wọ́n lù, màmá?"

"Ọkọ mi ni."

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọkọ yín?"

"Ọkọ mi àtàtà. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i."

Kọ̀ńsítébù kọ "ọkọ" sínú ìwé. Ìyá àgbà kò mọ̀wé; ó tẹ̀ka, ó dúpẹ́, ó tún ṣàdúrà fún un.

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é padà, inú rẹ̀ dùn. Ọ̀gá àgọ́ ló jókòó lọ́tẹ̀ yìí, kọ̀ńsítébù dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Ọkọ yín ló wà nínú ìwé yìí, màmá. A béèrè ládùúgbò, wọ́n ní bàbá ti kú tipẹ́tipẹ́. Ta la wá lù?"

"Ọmọ ọmọ mi ni mò ń wí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a ṣe ń pè wọ́n nìyẹn."

"Ohun tí ẹ tẹ̀ka sí lèmi mọ̀. Ẹ dúpẹ́ pé a ò tì yín mọ́lé fún irọ́."

"Ẹ jẹ́ n tún un sọ, kí ẹ kọ ọ́ dáadáa."

"A ti pa ìwé náà dé."

Ìyá àgbà yíjú sí kọ̀ńsítébù. "Ìwọ, kí ni ìyá tó bí ìyá ẹ ń pè ọ́?"

Ọmọkùnrin náà wolẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn orí ọ̀gá rẹ̀.

"Orúkọ mi ni wọ́n ń pè, màmá."

"O ti sẹ́ arúgbó ẹ nìyẹn," ni ìyá àgbà wí, ó sì bọ́ síta.

Télọ̀ ti ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn nínú báńdéèjì.

"Ìyá àgbà, ẹ káàbọ̀. Kí ni wọ́n wí?"

Ẹnu ìyá àgbà ti ń lọ síbi ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ fi kí i. Ó gbé e mì. Ó korò bí òróòro.

"Télọ̀," ó wí, bí àwọn oníbàárà ṣe ń pè é, "ṣé o ti jẹun?"

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì ṣí ilẹ̀kùn fún un.