Ọjà Ọrọọrún Nínú Kọ̀ǹpútà

Kàdíját ń tẹ àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ nígbà tí Alhaji Mọ̀múdù, ọ̀gá ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn, wọlé. Kàdíját ò gbójú sókè.

"Ṣé ẹ̀rọ náà ti ń dá a ṣe?"

"Ó ti ń dá a ṣe, Alhaji."

Ẹran tí wọ́n bá tà lọ́jà abúlé, akọ̀wé ẹgbẹ́ níbẹ̀ á kọ iye rẹ̀ sínú díìsìkì, awakọ̀ á gbé e dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní Gáréèjì Ọ̀fà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Kàdíját ti ń ka ohun tó wà nínú díìsìkì, tó ń tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ sínú dàtábéèsì, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ó kà á sí ìfàkókòṣòfò. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti Èkó ló fi mọ bí ẹ̀rọ ṣe lè máa fà á wọlé fúnra rẹ̀. Nígbà tó sọ fún Alhaji, Alhaji ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ò nílò atẹ̀wé bíi tirẹ̀ mọ́ nìyẹn. Kàdíját bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

"Àràárọ̀ Àtìní, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ni kó máa fà á," ni Alhaji wí, "bí ọ́fíìsì ìjọba."

Kàdíját tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà, Alhaji. Ọ̀sẹ̀ mìíràn á ní ọjà méjì. Èyí tó dé kẹ́yìn á pa ti àkọ́kọ́ rẹ́."

"Màlúù ló máa fẹjọ́ sùn ni?" Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá dàrú, a ó ránṣẹ́ pè ọ́. Ìwọ náà á fi rí nǹkan ṣe."

Ó jáde.

Òótọ́ ló sọ. Bí Kàdíját bá fi í sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi wá a, yóò sì tún jókòó sórí àga yìí. Ó dúró bóyá yóò dun òun pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Kò dùn ún.

Ó pa àṣẹ Àtìní rẹ́. Ó pàṣẹ pé díìsìkì èyíkéyìí tó bá wọlé, kí ẹ̀rọ fà á lójú ẹsẹ̀, kó kọ ọjọ́ ọjà sí i lára, kó má fi ọ̀kan bo èkejì. Ó wá ki díìsìkì ọjà méjì bọ̀ ọ́ tẹ̀ léra. Méjèèjì wọlé. Màlúù kan ò sọnù.

Ó da aṣọ bo ẹ̀rọ, ó pa fáànù, ó kó kọ́kọ́rọ́ lọ sórí tábìlì Alhaji.

"Ó ti parí, Alhaji. Kò ní dàrú."

Alhaji wo kọ́kọ́rọ́, ó wo Kàdíját. "O tún un ṣe?"

"Mo tún un ṣe."

"Ìwọ obìnrin yìí." Ó mi orí. "Bá mi kí Mùínàt ọmọ rẹ."

"Yóò gbọ́, sà."

Kàdíját gbé báàgì rẹ̀, ó forí lé ọ̀nà Táíwò lọ sílé.