Funfun Lójú Ayàwòrán

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí bàbá yìí ti ń fi fọ́tò yíyà jẹun. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ló mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páátì kọ̀ǹpútà, nítorí bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn nínú ilé mọ́. Láti oṣù tó kọjá tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún rẹ̀, tí wọ́n yọ ìkùukùu tó bò ó, ni àwọ̀ inú fọ́tò ti ń ṣe é ní ségesège. Bó bá wò ó báyìí, ó dára. Bó bá tún wò ó, ó ti pọ́n rúsúrúsú.

"Mónítọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn ti gbó jù mí lọ," ló ń wí ṣáá. Ọmọ rẹ̀ ní kí àwọn kúkú to kọ̀ǹpútà tuntun.

Bí wọ́n ṣe dé ṣọ́ọ̀bù, bàbá ní èyí tó lágbára jù lọ ni kí wọ́n fi ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà.

"Bàbá mi, fọ́tò lẹ fẹ́ máa tún ṣe, ẹ ò fẹ́ wa ọkọ̀ òfuurufú."

"Ṣé o rò pé mi ò lè wà á ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú àpótí tí fáànù rẹ̀ kì í pariwo. Bàbá gbé etí lé e kó tó gbà. Ó wá ku mónítọ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù tan méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bàbá ní kó gbé fọ́tò ìyàwó òun tó ti dolóògbé sí méjèèjì, níbi tó ti wọ aṣọ nọ́ọ̀sì funfun báláú.

"Gbé ti òsì yẹn kúrò. Ó pọ́n."

"Bàbá, funfun wọn dọ́gba," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Ta ló kọ́ ẹ ní àwọ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà."

Omi ń bọ́ lójú òsì bàbá. Ó fi áńkáṣíìfù bò ó láti nù ún, ló bá rí i pé aṣọ méjèèjì funfun bí òwú. Ó bo ti ọ̀tún wò. Méjèèjì pọ́n bí ìwé ìròyìn àtijọ́. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Oníṣọ́ọ̀bù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ọmọ náà, ó yíjú sí mónítọ̀.

"Kì í ṣe mónítọ̀," bàbá sọ jẹ́jẹ́. "Ojú mi ni. Bí ti òsì ṣe ń ríran yìí ni méjèèjì ṣe ń ríran tẹ́lẹ̀."

Ó wá àga, ó jókòó. "Gbogbo aṣọ ìgbéyàwó inú fọ́tò tí mo ń fi búlúù kún, kó lè funfun lójú mi ńkọ́? Ìyàwó kan wá bá mi pé aṣọ òun ò rí báyìí. Mo ní kó lọ bọ́jú ẹ̀ dáadáa."

Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Mo rí búlúù yẹn, Bàbá. Ó ti tó ọdún méjì. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ ni."

Bàbá gbójú sókè wò ó. "Ó yẹ kó o sọ."

"Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Èmi ni mi ò jẹ́ kó ṣeé sọ."

Wọ́n dín agbára ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà kù. Owó tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi mú mónítọ̀ tó dára jù, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń gbé lé ojú mónítọ̀ láti fi wọn àwọ̀. Lọ́jọ́ kejì, bàbá gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún ojú òsì. Lẹ́yìn náà ló pe mẹ́fà nínú àwọn ìyàwó tó ti fi búlúù kún aṣọ wọn, pé òun fẹ́ tún fọ́tò wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Fóònù àwọn méjì ò lọ. Àwọn mẹ́ta dúpẹ́. Ẹni ìkẹyìn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, sà. Gbogbo ènìyàn tó bá débí ni ọmọ mi ń sọ fún pé aṣọ búlúù ni màmá òun fi ṣègbéyàwó."

 Bàbá ní kó bá òun kí ọmọ náà.