Ìlà Pupa Kò Pàdé

"Yéè!" Màmá Àsíátù fọwọ́ lu itan, tábìlì mì, pẹ́ńsù àwọ̀ yí bọ́ sílẹ̀. Ìlà pupa kò pàdé.

Ó tún bébà ńlá tó fa ìlà náà sí ká, ó gbé etí rẹ̀ lé bébà kejì, níbi tí ọ̀nà méjì tí ọkọ̀ ojú omi gbà ti dábùú ara wọn lójú òkun. Òkúta kan náà ni. Ó yẹ kí ìlà méjèèjì fẹnu kan ara wọn. Ọ̀kan wà lókè, èkejì nísàlẹ̀, bí tọkọtaya tó jà sùn.

Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń ka irú bébà yìí. Ọkọ̀ á yìnbọn afẹ́fẹ́ sínú òkun, ohùn á wọlẹ̀ lọ, á kan òkúta ní ìpele-ìpele, á padà wá ròyìn sórí bébà. Òun àti Raliatou, ọmọbìnrin àdúgbò Koumassi tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, ló ń túmọ̀ ìròyìn náà ní ọ́fíìsì wọn ní àdúgbò Plateau. Lọ́sàn-án òní, lọ́dún 2004, Adélànà ọ̀gá wọn ń retí ibi tí wọn yóò gbẹ́ kànga epo sí. Kànga kan ṣoṣo lagbára wọn ká. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ lófo, ilé-iṣẹ́ á kógbá sílé.

Ó fìka tọ ìlà rẹ̀ padà dé ibi tí ilẹ̀ ti sán, tí apá kan sì rì. Ibẹ̀ ló ti ṣìnà! Ìlà rẹ̀ fo ibi sísán náà, ó balẹ̀ sórí òkúta olókùúta. Lórí èyí tó tọ́, ẹnìkan ti fa ìlà pẹ́ńsù kan, fẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ọmọ tuntun.

"Raliatou! Ta ló fa èyí?"

"Pardon, Màmá. Èmi ni. Láti lundi."

"O rí i, o wá panu mọ́?"

"Ṣé mo lè bá àgbà jiyàn ni?"

Màmá Àsíátù bú sẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì. "Àgbà wo? Èyí tó fi ìdí bàǹbà yìí jókòó lé awò ojú ara rẹ̀ lánàá? Mú ráábà wá, jàre!"

Wọ́n ní ọwọ́ àgbà kì í wọ kèǹgbè. Ti Màmá ti há sínú rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Wọ́n pa pupa rẹ́, wọ́n tẹ̀lé ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ náà, wọ́n tún bébà ká. Ó ṣe wẹ́kú! Òkúta náà gòkè wá fara ti ibi tí ilẹ̀ ti sán, bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Bí epo bá wà, abẹ́ ibẹ̀ ni yóò há sí. Màmá jó yí tábìlì ká, bàtà rẹ̀ kan fò lọ.

"C'est bon, Màmá! Ẹ lọ sọ fún ọ̀gá."

"Èmi kẹ̀? Ìwọ ni."

Níwájú Adélànà, gbólóhùn kan ni Màmá sọ: "Mo ṣìnà, òun ló rí ọ̀nà." Raliatou bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹnu ń yún Màmá Àsíátù.

Adélànà kọjú sí Màmá. "Ìyá, ṣé ó dá yín lójú?"

Màmá ti lanu. Ó wá rántí ọkọ̀ ojú òkun: lẹ́yìn ìbọn kọ̀ọ̀kan, ńṣe ni wọ́n ń dákẹ́, kí ohùn tó rìn jìnnà lè padà dé. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Ó dá mi lójú, patron," ni Raliatou wí. Ohùn rẹ̀ ti là.

Adélànà fa àga rẹ̀ súnmọ́ bébà.