Ohun Tí Adájọ́ Kò Bèèrè

Ní ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, Adájọ́ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pe ọ̀gá wọn. Kì í ṣe pé ó kàwé òfin o. Bí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, kí ẹni tó ń rojọ́ tó mí lẹ́ẹ̀kejì, ó ti dá ẹjọ́ náà. Ọdún méjìlélógún ló ti lò láàárín ooru àti òórùn ọṣẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú kí ọ̀sán tó pọ́n, etí rẹ̀ sì ti kún fún ẹjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní láti yára.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Baba Ẹ̀rọ, ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá, wọlé tọ̀ ọ́ wá, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀ tó-tó-tó.

"Ọ̀gá, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ Ìyá Jẹ́jẹ́ o. Ojoojúmọ́ ayé, aṣọ ibùsùn àwọn ọmọdé nìkan ló ń mú, èyí tó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Àwa là ń ru aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ tó wúwo bí òkú màlúù. Ṣé irin ni wọ́n fi ṣe eegun tiwa ni?"

Ìyá Jẹ́jẹ́ ni obìnrin tó ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìrìn jẹ́jẹ́ àti ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Adájọ́ náà ti kíyè sí i pé kì í sún mọ́ ẹrù wíwúwo. Ó ránṣẹ́ pè é.

"Jókòó," ó wí. Kí obìnrin náà tó fìdí kan àga, ìmọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. "Wò ó, àbúrò mi, èmi kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọ̀lẹ ò yẹ ọ́. Kí làwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbí máa rí kọ́ lára rẹ? Láti ọ̀la lọ, aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ ni tìrẹ. Ire rẹ ni mò ń wá."

Ìyá Jẹ́jẹ́ la ẹnu, ó tún pa á dé. "Ó dáa, mà."

Gbogbo rẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Inú Adájọ́ dùn sí ìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, ariwo Baba Ẹ̀rọ gba gbogbo ilé. Adájọ́ sáré jáde, ó bá Ìyá Jẹ́jẹ́ ní ìjókòó lórí sìmẹ́ńtì, aṣọ tútù rẹpẹtẹ yí i ká, omi ti rin ín dé ìbàdí. Kò sunkún. Ó kàn ń wo iwájú bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí kò ní wá. Adájọ́ di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú kó lè gbé e dìde. Igbe tí obìnrin náà ké mú kí Baba Ẹ̀rọ pa ẹ̀rọ.

Nínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ mímọ́ sí, Adájọ́ bá a bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́. Ejìká rẹ̀ ti wú, ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù.

"Látìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́jọ, mà. Apá kan ara ọkọ mi ti rọ. Èmi ni mò ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga láràárọ̀ kí n tó wá síbí. Ojú ń tì í, kì í fẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan òun. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ mi yọ̀, àwa méjèèjì ṣubú. Èmi ni mo wà nísàlẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ìyá Jẹ́jẹ́ wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ ò bi mí, mà. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ bi mí, mi ò mọ̀ bóyá màá sọ. Pupa tá a jọ ń lọ aṣọ níbí sọ fún yín lọ́dún tó kọjá pé ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ ní kó lọ sinmi nílé. Wọn ò pè é padà mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Adájọ́ lára. Òun ló fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ní kí Pupa lọ sinmi nílé. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ nígbà náà pé nítorí ìlera obìnrin náà ni. Ṣùgbọ́n bó ti dúró láàárín aṣọ funfun wọ̀nyẹn, ó rántí bó ṣe rí gan-an: Pupa ń dá iṣẹ́ dúró, àwọn yòókù ń kùn, ó sì ti rẹ òun láti máa gbọ́. Òun gan-an ló fẹ́ sinmi.

Ìmọ̀ràn tuntun ti dé ẹnu rẹ̀: kó wá ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́ nílé, kó lọ rí dókítà. Ó gbé e mì.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Ìyá Jẹ́jẹ́ ronú títí. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀ ná, mà."

Àwọn méjèèjì jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, Adájọ́ dá a padà sídìí aṣọ àwọn ọmọdé. Baba Ẹ̀rọ tún ti dé, ó fa ojú ro. Adájọ́ fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ó fa àga fún un.

"Baba Ẹ̀rọ, kí ló ń dùn yín gan-an?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Mi ò bínú sí i, Ọ̀gá. Ó rẹ̀ mí ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ mí."

Wọ́n wá fẹnu kò pé èèyàn méjì ni yóò máa gbé ẹrù wíwúwo kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ń falẹ̀ nítorí rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń kùn. Adájọ́ ni wọ́n ń kùn sí. Ìyá Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ lọ́jọ́ tó wù ú pé òun ti ṣe tán láti rí dókítà. Ìrora ejìká náà dín kù díẹ̀. Kò san tán.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Adájọ́ wá ilé Pupa lọ. Pupa ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó fi ara dí ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, ìmọ̀ràn mìíràn lẹ tún gbé wá?"

"Rárá o. Ìbéèrè ni mo gbé wá. Kí lo fẹ́ lọ́jọ́ tó o wá bá mi lọ́fíìsì?"

Pupa wò ó títí, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jẹ́ kó wọlé. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà láàárín pálọ̀, aṣọ tí wọ́n rán dé ìdajì wà lórí rẹ̀.

"Àga ni mo fẹ́, mà. Kí n máa jókòó lọ aṣọ. Àga lásán."

Adájọ́ ní òun á bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè pè é padà. Pupa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, òun ti ń ránṣọ nílé báyìí.

Adájọ́ mi orí. Kò tún fún un nímọ̀ràn; ó fa àga kan, ó jókòó tì í.